Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ọwọ́ Akítọ̀

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun àkọ́kọ́ tó bà mí nínú jẹ́ nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Sinimá ni. Mi ò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí mo gbọ́ pé apá kẹrin fíìmù Akítọ̀ ti jáde, ni mo bá múra, ó di ilé sinimá. Nígbà tí Bọ́ọ̀sì ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn Akítọ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́, mo ké gbàà pé, "Wẹ̀yìn rẹ! Ìwọ ọkùnrin yìí, wẹ̀yìn rẹ!" Gbogbo orí tó wà níwájú mi ló yí padà. Ọkùnrin kan fi ìka lé ètè. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé àpò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e lé itan. Mo pa ẹnu mi dé. Títí fíìmù fi parí, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò sì gbádùn ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́.

Nílé, ta ní í dákẹ́ wo fíìmù? Ní Àrándùn tí wọ́n bí mi sí, àwọn tó ń wò láti ojú fèrèsé pọ̀ ju àwọn tó jókòó ní pálọ̀ bàbá mi lọ, gbogbo wa la sì jọ ń bá Akítọ̀ jà. Ẹni tó ni fíìmù, ọkùnrin gidi ibẹ̀, òun là ń pè ní Akítọ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni Bọ́ọ̀sì. Òfin kan ṣoṣo ló wà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn mọ̀ ọ́n: Akítọ̀ kì í kú. Òfin yẹn gan-an ni apá kejì fíìmù yìí rú, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì ní Ọ̀mù-Àrán kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, á lọ yá sídì, á kì í bọ àpò ẹ̀wù, á gun máṣínì rẹ̀ bọ̀ wálé. Ìtàn fíìmù náà ò le. Oòrùn ń kú lọ, àwọn èèyàn kó sínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń rìn lójú sánmọ̀. Akítọ̀ ni mẹkáníìkì ọkọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì fẹ́ kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ máa sùn títí ayé, kó lè dá jọba. Ní ìparí apá kejì, iná sọ nínú ẹ́ńjìnnì. Akítọ̀ fi ọwọ́ òsì di ilẹ̀kùn irin tó ti pọ́n rẹ́rẹ́ mú kí àwọn ọmọdé lè ráyè sá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jóná, ojú ọgbẹ́ náà rí róbótó bí ìdí ife. Ọkọ̀ gbiná. Akítọ̀ kú, a fi ojú ara wa rí i, ẹnì kan sì bú sẹ́kún lójú fèrèsé.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, apá kẹta dé. Ọkọ̀ mìíràn, èèyàn mìíràn. Ọkùnrin kan jáde, ojú Akítọ̀, ohùn Akítọ̀, ìrìn Akítọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ dúdú sí ọwọ́ òsì. Kì í bọ́ ọ. Bó bá ń jẹun, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì, Àrán-Ọ̀rin ló ti ń ta pátì máṣínì. Kì í pa fíìmù Akítọ̀ jẹ. Lọ́jọ́ yẹn ó nà sókè lórí àga. "Ẹ̀dà ni," ó ní. "Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni, bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò àwọn olóṣèlú."

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Sáyẹ́ǹsì lè ṣe é."

Màmá mi ń bó ẹ̀gúsí nílẹ̀. Kò tiẹ̀ gbé orí sókè. "Àkúdàáyà ni," ó ní.

Ẹ̀rín pa Bàbá. "Àkúdàáyà? Nínú ọkọ̀ tó ń fò lójú sánmọ̀?"

"Ṣé èèyàn kì í kú lójú sánmọ̀ ni?" Màmá ju èèpo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó kú síbi kan, ó lọ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ níbòmíràn, kò fẹ́ kí ará ilé rí òun. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kó bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn, ẹ ó rí àmì iná lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apá kẹrin dé, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́. Apá karùn-ún dé, ó ṣì wà lọ́wọ́.

*

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe níbí ni ewé gígé. Ewé tí àwọn òyìnbó ń jẹ ní tútù láìfi kan iná, tí ewúrẹ́ Àrándùn á gbóòórùn rẹ̀, tí á kọjá lọ. Inú yàrá tó tutù bíi fíríìjì la ti ń gé e sínú ọ̀rá, wákàtí méjìlá, lórí ìdúró. Bí mo bá délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú, mi ò ní lè dá bàtà bọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa ní orúkọ mi ti gùn jù. Ó gé e bí a ṣe ń gé ewé, díẹ̀ ló kù níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ń pè mí títí dòní. Mo ń kí wọn láràárọ̀, mo ń tẹ orúnkún díẹ̀. Wọ́n rò pé orúnkún ló ń dùn mí.

Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba. Wọn ò fún mi, wọn ò sì lé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá jáde, mi ò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Ọdún kẹrin ni Màmá kú. Inú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo ti fi fóònù wo ìsìnkú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí kalẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì há, àwòrán sì dúró gbagidi lórí bàtà pásítọ̀. Bàtà dúdú, ẹrẹ̀ pupa létí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi wo bàtà yẹn. Nígbà tí àwòrán fi máa padà rìn, wọ́n ti ń bo ilẹ̀. Mo nu ojú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo padà sẹ́nu ewé. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Bóyá ogójì ọjọ́ ti kọjá ni Bàbá pè mí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ òjò, ó bá mi sọ̀rọ̀ iṣu, ó wá ní, "Mo ti ń rò ó o. Ó dà bíi pé òótọ́ ni ìyá rẹ sọ lórí ọ̀rọ̀ Akítọ̀."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá pè mí, ẹ̀rí tuntun ló máa ń mú wá. Ó ní ní apá kẹta, Akítọ̀ kọ̀ láti dúró kí wọ́n ya fọ́tò òun, ṣé àkúdàáyà á gbà kí wọ́n ya òun ni? Ó ní ní apá karùn-ún, arúgbó kan pe orúkọ rẹ̀ àtijọ́, lọ́jọ́ kejì ó ti kó kúrò níbẹ̀, ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Bí mo bá ní sáyẹ́ǹsì ńkọ́, á ní, "Àwọn ère òkúta tó wà ní Èsìé, sáyẹ́ǹsì ti sọ ẹni tó gbẹ́ wọn fún wa?"

Bàbá mi, alàgbà ìjọ! Ẹni tó máa ń lé wa wọlé bí a bá ń sọ ìtàn iwin! Àlàájì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ ti fi mí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ó ti sọdá bí olóṣèlú." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé òun náà mọ ohun tó ń ṣe ọ̀rẹ́ òun. Bàbá ò wá Akítọ̀ kankan. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ lè wà ló ń wá.

Èmi náà máa ń rò ó nínú ọkọ̀ bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹni tó kúrò nílé, tí ilé ò rí i mọ́, tó ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ò sọ ọ́, tó ń jí, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń sun àsùnjí tí kò tó: kí lẹ fẹ́ pe onítọ̀hún? Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àjò kò dùn kí onílé má relé. Ó dáa. Ẹni tí àjò ò dùn mọ́, tí kò sì lè relé ńkọ́? Wọn ò pa òwe tirẹ̀ fún mi.

*

Kì í ṣe pé mi ò rí ayọ̀ kankan o. Lọ́jọ́ kan, lásìkò oúnjẹ, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń jiyàn lórí ìbọ̀wọ́ Akítọ̀. Àṣé iyàn yìí kárí ayé! Ẹnì kan ní ìbejì ni. Màríà, obìnrin ará Pólándì tó máa ń dúró lápá ọ̀tún mi nídìí ewé, ní ó kàn sọ ìrántí nù ni. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní, "Níbi tí mo ti wá, a ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dẹ́kun oúnjẹ. Mo sọ fún wọn nípa àkúdàáyà. Mo sọ ti obìnrin kan tí Màmá máa ń sọ, tí wọ́n sin lábúlé, tí ará ilé rẹ̀ kan lọ rí i nínú ọjà ní Kánò tó ń ta aṣọ, tó kí i, tí wọ́n sì bá ṣọ́ọ̀bù náà lófìfo lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo parí, Màríà na apá rẹ̀ sí mi kí n wo bí irun ibẹ̀ ṣe dìde. Ó ní, "Òun ni! Òun gan-an ni!" Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá pẹ́ dé ibi oúnjẹ, á ti gbé àga sílẹ̀ dè mí. Mo ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ kí ẹnì kan tó gbé àga dè mí.

Mo pe Bàbá. "Bàbá, wọ́n ti gba ti Màmá o! Àwọn òyìnbó ti gbà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

*

Ní ọdún tó kọjá, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní ó dà bíi pé òun ń wo ayé láti inú ọ̀pá omi. Àlàájì ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ sí Ìlọrin lóṣooṣù, kì í gba kọ́bọ̀ epo lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn tí wọ́n ń kán sí i, kí èyí tó kù má bàa yára lọ ni.

Ìgbà náà ni apá kẹfà jáde, tó jẹ́ ìparí. Ìròyìn kárí ibi gbogbo pé Akítọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́. Àlàájì ti wò ó kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, ó sì lọ sọ fún Bàbá pé kò sí àmì kankan lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹ̀dà ni, pé iyàn ti parí.

Bàbá ò gbà. Ó sọ fún mi pé, "Àlàájì kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ rí ló rí. Ojú tèmi ò sì lè rí ohun tó kéré tó yẹn mọ́. Ìwọ ni wàá wò ó fún mi. Ohun tí o bá sọ, òun ni màá dì mú, màá sì sọ ọ́ lójú Àlàájì." A fi í sí ọjọ́ Àìkú lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìsìn. Òun á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ní Àrándùn, èmi á jókòó ti tèmi, fóònù á wà létí wa, a ó jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ alẹ́ mẹ́fà léra-léra ni mo ti bọ̀. Mo fi omi tútù bọ́jú, mo mu kọfí méjì, mo jókòó sórí ilẹ̀ kí àga má bàa tàn mí. Mo ń sọ ohun tí mo ń rí fún un: "Ọkọ̀ náà ti dé. Bọ́ọ̀sì ti hu irùngbọ̀n. Akítọ̀ ti ń bọ̀, Bàbá, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́." Ó ń dáhùn pé, "Ẹn-hẹn. Ẹn-hẹn."

Ìyẹn ni mo rántí mọ. Nígbà tí mo la ojú, orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ló ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ohùn Bàbá wá láti inú fóònù, jẹ́jẹ́. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ó bọ́ ìbọ̀wọ́?"

Ojú tì mí. Bàbá mi arúgbó yìí ní kí n ṣe ojú fún òun fún wákàtí méjì péré, mo sì sùn. "Ó bọ́ ọ," mo ní.

"Àmì ńkọ́?"

Mo ro Màmá pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀ nílẹ̀. "Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Róbótó báyìí."

Ó ní, "A dúpẹ́. Àlàájì ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Màá sọ fún un."

Lọ́jọ́ Ajé, mo wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akítọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ lóòótọ́. Ó na ọwọ́ sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní, ó ń dán bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Mo dá a padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bóyá mo lè rí ohun kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Háà, mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Bí mo bá dákẹ́, Bàbá á jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, á pe Àlàájì ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò, nítorí ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ tó ń sùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, ẹni tó kù tó ń dì í lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn ọsibítù! Bí mo bá sì sọ òótọ́, ńṣe ni màá gba Màmá lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo gé ewé lóru ọjọ́ náà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Màríà bi mí bóyá ara mi ò yá, mo ní ó rẹ̀ mí ni. Irọ́ kọ́ nìyẹn náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà ìsinmi, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró sí, mo pè é. Fóònù ò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tó fi gbé e. Ó pè mí ní oríkì mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo parọ́ fún yín lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò rí ọwọ́ yẹn. Mo sùn lọ ni."

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀?"

"O ń hanrun. Fíìmù ò tíì rìn jìnnà tí o fi bẹ̀rẹ̀. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ò dáhùn, mo bá dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ. Bí ìyá rẹ lo ṣe ń hanrun."

Omi ti gba ojú mi. "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bi mí pé àmì ńkọ́?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ti pọ̀," ó ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ tí mo mọ̀ náà ṣì ni. Ọmọ tí mo bí máa ń parọ́, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í kọjá ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà tí o fọ́ lẹ́ǹsì tí mo fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì, o ní ológbò ni. Lọ́jọ́ kẹta o wá bá mi lórí ibùsùn láàárọ̀, o ń gbọ̀n. Òní ni ọjọ́ kẹta. Láti àárọ̀ ni mo ti gbé fóònù lé itan." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ náà ni. Ó dáa. O ti wá wò ó?"

"Mo wò ó lánàá."

"Kí lo rí?"

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, Bàbá. Kò sí àmì."

"Ìyá rẹ ò ní gbà," ó ní. "Á ní wọ́n fi páńkéèkì bò ó ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, ẹnì kan tó ń já ẹrù dúró ń wò mí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun á gbà fún Àlàájì lọ́la, pé kó wá yọ ayọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tí ó ń fọn ikun imú.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kan sí i," ó ní. "Ṣé wàá dé kí ojú yìí tó tán?"

Gbogbo ará ilé ló máa ń bi mí ní ìgbà tí mò ń bọ̀, "Lọ́dún tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run" ni mo sì máa ń dá wọn lóhùn. Bàbá nìkan ni kò bi mí rí, láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi, ó ti fẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Mo gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," mo ní. "Mi ò mọ̀ rárá."

Aago iṣẹ́ dún lẹ́yìn mi.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Padà síbi iṣẹ́ rẹ."